Orúkọ tí tẹlifíṣọ̀n fi ń pe dífẹ́ǹsì ló ń darí ojú wa: báwo lẹ ṣe ń fi ojú ara yín wò ó?

Kóòṣì_Ọ̀dọ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Àwọn ọmọ ọdún 16 sí 17 ni mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sì ń jẹ mí lọ́kàn.

Nígbàkígbà tí mo bá ní ká gbá zone, pé kí kálukú ṣọ́ àgbègbè tirẹ̀ dípò kó máa tẹ̀ lé ẹnì kan kiri, ojú wọn á fàro. Wọ́n á ní àwọn tí kò lè ṣọ́ èèyàn ló ń gbá zone. Mo bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹnu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n ni.

Ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé òun ló mọ̀ ọ́n ṣọ́ jù lọ. Ọmọ yìí ò gbà pé òun mọ dífẹ́ǹsì rárá, nítorí pé kì í já bọ́ọ̀lù gbà, kì í sì í fò sókè gbá a dànù. Ẹsẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń dé ibi tí alátakò fẹ́ gbà kó tó débẹ̀, alátakò á sì yí padà. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ irú iṣẹ́ yẹn lórí afẹ́fẹ́, nítorí náà, lójú ọmọ náà, kò ṣe nǹkan kan.

Kí lẹ̀yin máa ń ṣe tí ẹ bá fẹ́ wo dífẹ́ǹsì láìjẹ́ pé orúkọ tí wọ́n ti fún un ló kọ́kọ́ wọ̀ yín lójú? Ẹ dákun, ẹ fún mi ní ohun tí mo lè fi hàn wọ́n. Mo ti fi ẹnu sọ ọ́ títí.

Àgbà_Pápá

Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ̀gàn tí wọ́n ń gan zone ní orírun. Ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé òfin kan ló bí i.

Ní oṣù kìíní ọdún 1947, líìgì Amẹ́ríkà tó padà wá di NBA fòfin de zone. Líìgì náà ò tíì pé ọdún kan nígbà yẹn, wọ́n sì rí i pé zone ń mú eré falẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, ẹni tó bá fi alátakò rẹ̀ sílẹ̀ tó lọ dúró sí àárín kó lè ran ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ lè gbọ́ fèrè rẹfirí, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ á sì kéde pé "illegal defense" ni. Ẹ rò ó wò. Ìran kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n ń gbọ́ pé ohun tó lòdì sófin ni kéèyàn ran ẹnì kejì lọ́wọ́ lọ́nà yẹn. Nígbà tí NBA wá fàyè gba zone ní sáà 2001-02, tí wọ́n sì fi òfin ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kún un fún ẹni tó bá dúró síwájú apẹ̀rẹ̀ láìṣọ́ ẹnì kankan, òfin yí padà, ẹnu àwọn èèyàn ò yí padà. Títí dòní, bí ikọ̀ kan bá bọ́ sínú zone, ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á yí bíríkítí bí ẹni pé nǹkan ti bà jẹ́ fún wọn.

Àjọ FIBA, tó ń darí eré náà lágbàáyé, ń kọ́? Wọ́n fàyè gba zone, wọn ò sì ní òfin ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta yẹn fún ẹni tó ń dènà. Eré kan náà ni o.

Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí ẹ máa fi hàn wọ́n, ẹ wá eré àṣekágbá NBA ọdún 2011, Dallas Mavericks pẹ̀lú Miami Heat; ikọ̀ tó bá kọ́kọ́ borí ìgbà mẹ́rin ló ń gba ife níbẹ̀. LeBron James, Dwyane Wade àti Chris Bosh ló wà ní Miami. Rick Carlisle ni kóòṣì Dallas, Dwane Casey sì ni igbákejì tó ń bójú tó dífẹ́ǹsì. Wọ́n ń ti inú zone bọ́ sí kálukú-ṣọ́-ẹnì-kan, wọ́n tún ń padà, títí tí wọ́n fi gba ife ẹ̀yẹ ní eré kẹfà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá Miami fúnra wọn lọ́dún 2020, nígbà tí wọ́n lu Boston Celtics 4-2 láti dé eré àṣekágbá. Zone 2-3, ìyẹn èèyàn méjì síwájú, mẹ́ta sẹ́yìn, ni Erik Spoelstra kóòṣì wọn ń lò lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó fi síwájú. Ohun tí ọ̀pọ̀ kóòṣì ń ṣe ni pé kí wọ́n fi àwọn kúkúrú méjì síwájú. Spoelstra fi àwọn tó gùn lápá síwájú, ó sì kó àwọn kúkúrú lọ sẹ́yìn lápá igun. Apá gígùn yẹn ni bọ́ọ̀lù Boston ń ṣe kòńgẹ́. Jimmy Butler, tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú ṣíṣọ́ èèyàn, wà nínú ikọ̀ yẹn. Ṣé àwọn ọmọ yín lè fọwọ́ sọ̀yà pé Jimmy Butler ò lè ṣọ́ èèyàn?

Ẹlẹ́sẹ̀_Kíákíá

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ dáadáa. Èyí tó wà lọ́kàn tèmi ni eré kejì nínú ìdíje àṣekágbá ọdún 2019, Toronto Raptors àti Golden State Warriors. Mo nífẹ̀ẹ́ eré yẹn débi pé mo ṣì máa ń padà lọ wò ó.

Kevin Durant ti Warriors ò gbá eré yẹn, ó ń tọ́jú ara. Klay Thompson náà fara pa, ó jáde lápá ìparí. Stephen Curry nìkan ló wá kù tí èèyàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rù láti ọ̀nà jíjìn. Nick Nurse tó jẹ́ kóòṣì Toronto ní kí Fred VanVleet má kúrò lára Curry, ibi yòówù tó bá lọ, kí àwọn mẹ́rin yòókù sì dúró ní igun mẹ́rin níwájú apẹ̀rẹ̀. Box-and-one nìyẹn. Ariwo gba gbogbo afẹ́fẹ́ pé dífẹ́ǹsì àwọn ọmọ iléèwé ni. Curry alára pè é ní "janky" lẹ́yìn eré, ìyẹn nǹkan játijàti tí wọ́n kàn so pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ó lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún ní òpin eré yẹn tí Warriors ò fi rí pọ́ìǹtì kan ṣoṣo he.

Ẹ wá wo bó ṣe parí. Toronto ti pinnu pé ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí Curry ni kó ju bọ́ọ̀lù náà. Bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Andre Iguodala ti Warriors lẹ́yìn ìlà pọ́ìǹtì mẹ́ta, kò sẹ́nì kankan nítòsí rẹ̀, ó jù ú, ó wọlé. 109-104, Warriors borí. Àwọn tó ti ń fi box-and-one ṣe yẹ̀yẹ́ rí ohun tí wọ́n á wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí Toronto fẹ́ kó jù ú gan-an ló jù ú! Iṣẹ́ tí wọ́n yàn láàyò ni wọ́n ṣe, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló já wọn kulẹ̀. Toronto ló sì gba ife náà, 4-2.

Nítorí náà, Kóòṣì, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi ara mi, mo sì rọ̀ yín kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ náà: ta ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀? Gbogbo dífẹ́ǹsì ló ní ẹni tó fi sílẹ̀. Èèyàn márùn-ún ò lè dí gbogbo ààyè. Ẹni tó bá rí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ ti rí èrò kóòṣì, kò sì ní nílò kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kankan pè é ní ọgbọ́n tàbí òmùgọ̀.

Gbogbo_Igun

Ẹ má bínú, mo fẹ́ yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà tí ẹ ń gbà. Orúkọ kọ́ ni ọ̀tá. Kò sí ikọ̀ tó lè ṣọ́lé láìsí orúkọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ pariwo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ẹni iwájú sì mọ ibi tó máa gbé ẹsẹ̀ sí. "Switch!" Ẹ pààrọ̀ ẹni tí ẹ ń ṣọ́. "Drop!" Kí ẹni gíga fà sẹ́yìn lọ dúró níwájú apẹ̀rẹ̀, kó jẹ́ kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù láti ibi tí kò sún mọ́ apẹ̀rẹ̀, tí kò sì jìn dé ìlà pọ́ìǹtì mẹ́ta.

Ẹ wo "ice" bí àpẹẹrẹ, torí òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó ní bọ́ọ̀lù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bọ̀ wá fi ara dí ọ̀nà fún un kó lè gba àárín kọjá. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn bá pariwo "ice", ẹni tó ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù á fò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àárín kíákíá, á yí àyà rẹ̀ sí ìlà ẹ̀gbẹ́, á fi ara rẹ̀ sáàárín bọ́ọ̀lù àti ẹni tó ń bọ̀ wá dí ọ̀nà. Àárín ti há. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni ẹ̀gbẹ́ ìlà, ẹni gíga sì ti ń dúró de alátakò níbẹ̀. Orúkọ yẹn ń sọ ohun tí ẹsẹ̀ máa ṣe.

Orúkọ tó ń ba nǹkan jẹ́ ni èyí tó ti inú sítúdíò wá: "gimmick" (ẹ̀tàn lásán), "soft" (aláìlágbára), "old-school" (ti àtijọ́), "lockdown" (ẹni tó ti alátakò pa pátápátá). Ẹ pariwo "soft!" lórí pápá, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tó yẹ kóun dúró sí. Ìdájọ́ ni, ó sì ti wà nílẹ̀ kí èèyàn tó wo eré.

Ohun tí mo bá ikọ̀ tí mo ń ràn lọ́wọ́ ṣe ni pé a pín pátákó sí méjì. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tí ẹsẹ̀ máa ṣe wà lápá kan, ọ̀rọ̀ tó kàn ń yìn tàbí tó ń bú wà lápá kejì. Nígbà tí a bá jọ ń wo eré, ẹnikẹ́ni tó bá lo ọ̀rọ̀ apá kejì gbọ́dọ̀ tún un sọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ apá kìíní. Ẹni tó bá ní "dífẹ́ǹsì wọn ò le" á ní láti sọ ẹni tó pẹ́ kó tó dé, ibi tó ti ń bọ̀, àti ẹni tó yẹ kó bá a dí àlàfo náà.

Kóòṣì_Ọ̀dọ́

Pátákó oníhà méjì yìí wù mí gan-an, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ti "lockdown" yẹn láti sọ, ẹ jọ̀wọ́. Òun ló ń pa ọmọ mi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yìn_Ìlà

Kóòṣì, mo mọ irú ọmọ yẹn. Irú wọn ni ikọ̀ fi ń borí, àwọn ni a kì í sì í rí.

"Lockdown" ń sọ fún wa pé ẹnì kan ló ń ṣọ́ ẹnì kan, pé òun nìkan ló sì ṣe é. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé ẹnì kan darí alátakò sí apá kan nítorí ó mọ̀ pé ẹlẹgbẹ́ òun ti dúró síbẹ̀. Ẹ wo bí àmì ẹ̀yẹ olùdènà tó dára jù lọ ní NBA ṣe ń lọ. Gary Payton gbà á lọ́dún 1996. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí gáàdì kankan, ìyẹn àwọn kúkúrú tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú, tó gbà á títí di 2022, nígbà tí Marcus Smart gbà á. Àwọn tó ń dìbò jẹ́ oníròyìn, ohun tó sì hàn gbangba lójú wọn ni ẹni gíga tó ń gbá bọ́ọ̀lù dànù níwájú apẹ̀rẹ̀. N kò ní àwọn tó gbà á ò yẹ. Hakeem Olajuwon gbà á lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ lé ara wọn, 1993 àti 1994, òun náà ló gbá bọ́ọ̀lù dànù jù lọ nínú ìtàn NBA, ìgbà 3,830. Ẹsẹ̀ Hakeem gan-an ni mo máa ń rọ àwọn èèyàn láti wò, torí ó ń já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ àwọn gáàdì pẹ̀lú.

Orúkọ kan náà tó gbé ẹni gíga ga ló tún ń fà á lulẹ̀. Eré kẹfà Utah Jazz pẹ̀lú Los Angeles Clippers, oṣù kẹfà ọdún 2021. Utah fi pọ́ìǹtì 25 síwájú, Clippers lé wọn bá, wọ́n sì borí 131-119. Terance Mann ti Clippers nìkan ju pọ́ìǹtì 39. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń sọ pé Rudy Gobert, ẹni gíga Utah nígbà náà, kò wúlò nígbà tí eré bá le. Ẹ padà wò ó láìgbọ́ ohùn. Àwọn tó wà níwájú Gobert ni wọ́n ń kọjá lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gobert dúró níwájú apẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ń já bọ̀ tààrà, Mann sì wà ní igun lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jáde sí Mann, ẹni tó ń bọ̀ á wọlé. Bó bá dúró, bọ́ọ̀lù á lọ sí igun. Ẹnì kan ń ṣe iṣẹ́ èèyàn méjì, àwa sì ń bi í pé kí ló dé tí kò parí rẹ̀. Gobert tún gba àmì ẹ̀yẹ náà lọ́dún 2024, ìgbà kẹrin rẹ̀.

Ọ̀kan ṣì kù. 2015, Warriors àti Memphis Grizzlies. Memphis ti borí lẹ́ẹ̀mejì, Warriors lẹ́ẹ̀kan. Tony Allen ti Memphis ni gbogbo ayé ń pè ní ọ̀gá dífẹ́ǹsì, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Nínú eré kẹrin, Warriors ní kí Andrew Bogut, ẹni gíga wọn, máa "ṣọ́" Allen. Bogut ò sún mọ́ ọn. Ó jókòó tirẹ̀ sí iwájú apẹ̀rẹ̀, ó fi Allen sílẹ̀ kó máa jù ú bó ṣe fẹ́, torí Allen ò mọ̀ ọ́n jù láti ọ̀nà jíjìn. Memphis ò rí ààyè wọlé mọ́, Allen sì di ẹni tí kóòṣì rẹ̀ ò lè fi sílẹ̀ lórí pápá fún ìgbà pípẹ́. Warriors borí mẹ́ta tó kù. Orúkọ wo lẹ máa fún ohun tí Bogut ṣe yẹn?

Ní ti ọmọ yín, ẹ bá a ka ohun mìíràn. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹni tó ń ṣọ́ yí padà, iye ìgbà tó fi bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíì torí pé kò rí ọ̀nà. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ fún un níwájú àwọn yòókù.

Rẹfirí_Tẹ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ n mẹ́nu ba Hack-a-Shaq, ìyẹn kí ikọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe fáwù sí alátakò tí kò mọ free throw jù (ìjù ọ̀fẹ́ tí fáwù ń fún un, pọ́ìǹtì kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan), torí orúkọ náà kò tọ́ lójú mi.

Orúkọ ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí ni wọ́n fi pè é. Don Nelson, kóòṣì Dallas nígbà náà, ti lò ó lóṣù kejìlá ọdún 1997, Dennis Rodman ti Chicago ló sì lò ó sí. Bubba Wells ni wọ́n rán sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni Wells lò tí fáwù mẹ́fà tó ń léni jáde fi pé lọ́wọ́ rẹ̀. Rodman ju free throw 12, ó jẹ 9, Chicago sì borí. Kò sẹ́ni tó rántí ìyẹn mọ́. Nígbà tó kan Shaquille O'Neal (Shaq) ti Los Angeles Lakers, orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo ojú sì kọ sí ọwọ́ Shaq dípò kó kọ sí kóòṣì tó ń ṣe é. Nínú eré kejì àṣekágbá ọdún 2000, Indiana Pacers jẹ́ kí Shaq ju free throw 39, ó jẹ 18. Lakers ló borí, 111-104. Lóṣù kìíní ọdún 2016, Houston ṣe é fún Andre Drummond ti Detroit, Drummond pàdánù 23, kò sẹ́ni tó tíì pàdánù tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìròyìn gbé "23" yẹn kiri. Detroit ló borí eré ọ̀hún.

Ẹ bá àwọn ọmọ yín ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ìdajì free throw rẹ̀ ń fún ikọ̀ rẹ̀ ní pọ́ìǹtì kan nínú ìjù méjì. Nínú eré gidi, ikọ̀ NBA máa ń rí bíi pọ́ìǹtì kan, tàbí kó lé díẹ̀, nígbà kọ̀ọ̀kan tí bọ́ọ̀lù bá dé ọwọ́ wọn. Èrè rẹ̀ ò tó nǹkan. Àfi bí ẹni náà bá burú ju ìdajì lọ, tàbí kí kóòṣì máa wá ọ̀nà láti bá ìṣẹ́jú tó ń lọ jà.

Láti sáà 2016-17, fáwù ní ibi tí bọ́ọ̀lù kò sí, bó bá bọ́ sí ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn ìdá mẹ́rin èyíkéyìí, free throw kan ni, ẹni tó bá wu ikọ̀ náà ló máa jù ú, bọ́ọ̀lù á sì tún padà sọ́dọ̀ wọn. Tẹ́lẹ̀, òpin eré nìkan ni òfin yẹn wà fún.

OníṢirò

Kúkúrú ni tèmi. Bí ẹ bá gbọ́ pé ikọ̀ kan "kò ní dífẹ́ǹsì", ẹ béèrè bóyá iye pọ́ìǹtì lápapọ̀ ni wọ́n wò tàbí iye pọ́ìǹtì fún ìgbà 100 tí bọ́ọ̀lù bá dé ọwọ́ alátakò. Phoenix Suns ti sáà 2004-05 ń sáré gan-an. Bọ́ọ̀lù ń lọ ó ń bọ̀, nítorí náà àwọn alátakò wọn rí pọ́ìǹtì púpọ̀ lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wà tí a bá ka pọ́ìǹtì lápapọ̀. Tí a bá kà á fún ìgbà 100, àárín ni wọ́n wà. Orúkọ tí wọ́n fún wọn kò kúrò lára wọn. Ẹ yí i padà pẹ̀lú: ikọ̀ tó bá ń falẹ̀ lè máa gba ìyìn dífẹ́ǹsì tí kò tọ́ sí i.

Ìyá_Agbábọ́ọ̀lù

Mo kí gbogbo yín. Ọmọbìnrin mi ń gbá bọ́ọ̀lù, ohun tí mo fẹ́ sọ sì ń dùn mí gidi.

Bí àwọn obìnrin Nàìjíríà, D'Tigress, bá ń gbá, ẹ fetí sílẹ̀ sí ohun tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ máa ń sọ nípa dífẹ́ǹsì wọn. Agbára. Eré sísá. Ara líle. Bí ẹni pé kò sí ẹni tó jókòó ronú. Ní Olympics Paris 2024, wọ́n lu Australia 75-62, wọ́n lu Canada 79-70, wọ́n sì di ikọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dé ìpele mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Olympics. Ẹ tún eré Australia yẹn wò. Wọn ò jẹ́ kí ẹni tó ní bọ́ọ̀lù mí láti ìdajì pápá tirẹ̀. Bó bá kọjú sí ẹ̀gbẹ́, ẹnì kejì ti ń bọ̀. Ẹni kẹta ti ń wo ibi tí bọ́ọ̀lù náà máa gbà jáde, ó sì ti ń sún lọ síbẹ̀. Kóòṣì ń pààrọ̀ wọn déédéé kí ẹsẹ̀ má bàa wúwo. Èèyàn lè lágbára títí, bí kò bá sí ètò, ẹni kẹta yẹn ò ní sí níbẹ̀.

Rena Wakama ni kóòṣì wọn. Òun ni FIBA sọ pé ó dára jù lọ nínú àwọn kóòṣì ìdíje obìnrin náà. Ẹ jọ̀wọ́, Kóòṣì, bí àwọn ọmọ yín bá ń wo ikọ̀ Áfíríkà, ẹ má ṣe jẹ́ kí "agbára" tó wọn. Ẹ bi wọ́n pé ta ló kọ́kọ́ gbéra, kí ló rí tó fi gbéra.

Àgbà_Pápá

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe Detroit Pistons tí wọ́n ń pè ní "Bad Boys" (àwọn ìpáǹle), bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tiwọn gba orúkọ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn rántí nípa "Jordan Rules", ìlànà tí wọ́n fi ń ṣọ́ Michael Jordan ti Chicago, ni pé wọ́n ń gbá a lulẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n gbá a lulẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó ju pọ́ìǹtì 59 lé wọn lórí lóṣù kẹrin ọdún 1988, ohun tí kóòṣì wọn, Chuck Daly, kọ́ wọn ní ibi kan pàtó fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá wà lókè, ní ọ̀kánkán apẹ̀rẹ̀ lọ́nà jíjìn, ẹ tì í sí òsì rẹ̀, kí ẹnì kejì wá bá a. Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, kí ẹnì kejì sáré wá láti òkè lójú ẹsẹ̀. Bó bá wà lápá ọ̀tún, kí ẹnì kejì rọra bọ̀. Bó bá súnmọ́ apẹ̀rẹ̀, kí ẹni gíga wá bá a. Joe Dumars ló sábà máa ń ṣọ́ ọ lákọ̀ọ́kọ́, Dumars ò sì jọ ìpáǹle rárá, ó ń fi ọ̀wọ̀ ṣọ́ni. Wọ́n lé Chicago jáde ní 1988, 1989 àti 1990. Ìgbà tí Chicago kọ́ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń kúrò lọ́wọ́ Jordan kíákíá sí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ ni wọ́n lu Detroit 4-0 lọ́dún 1991. Ìbéèrè Ẹlẹ́sẹ̀_Kíákíá náà la tún padà sí yẹn.

Gbogbo_Igun

Ọ̀rọ̀ kan kí n má gbàgbé, Kóòṣì. Kò burú kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ náà pé àwọn àjọ kan kì í jẹ́ kí àwọn kéékèèké gbá zone. Japan fòfin dè é fún àwọn ọmọ ọdún 15 sí ìsàlẹ̀. Ìdí ni pé wọ́n fẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ kọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ níwájú ẹnì kan. Bí tiyín bá ti mọ ìyẹn, zone á rọrùn fún wọn. Bí wọn ò bá tíì mọ̀ ọ́n, ẹ fi oṣù díẹ̀ sí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Kóòṣì_Ọ̀dọ́

Wọ́n mọ ìyẹn, ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ọlọ́run á san yín lẹ́san, gbogbo yín. Ìbéèrè kan ló kù: eré wo ni kí n kọ́kọ́ gbé fún wọn, báwo sì ni kí n ṣe gbé e kalẹ̀? Wọn ò lè jókòó wo odindi eré.

Ẹlẹ́sẹ̀_Kíákíá

Ẹ gbé eré Toronto 2019 yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́fà tó kẹ́yìn nìkan. Ẹ pa ohùn rẹ̀ pátápátá. Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní olùdènà Toronto kan, òun nìkan ni kó máa wò, kó má wo bọ́ọ̀lù. Ẹ fún ọmọ tí ẹ sọ yẹn ní VanVleet. Nígbà tí Warriors bá mú bọ́ọ̀lù kọjá ìdajì pápá, ẹ dá a dúró. Kí kálukú fi ìka tọ́ ibi tí olùdènà tirẹ̀ kọjú sí, kí wọ́n sì kọ orúkọ Warriors kan sórí bébà: ẹni tí wọ́n rò pé Toronto fẹ́ kó jù ú. Ẹ jẹ́ kó máa lọ, ẹ tún dá a dúró nígbà tó bá kàn. Tó bá ti di ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ ó rí i pé orúkọ inú bébà wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jọra. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó sọ fún wọn pé box-and-one ni wọ́n ń pè é.